Yéjídé Lọ sí Gálílì

Aránṣọ ni Yéjídé ní Dùgbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nídìí máṣíìnì, àfi tí ẹnìkan bá dárúkọ odò.

Odò kan lẹ́yìn Mọ́níyà ló gbé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúdọ̀tun, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣì ń gbé ní abà. Ẹni tí odò bá gbé, etí odò náà ni wọ́n ń sin ín sí, òbí kì í sì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn ọkùnrin abà lọ sin ín, wọ́n padà dé, wọ́n fọ ọkọ́, wọ́n sì panu mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni ò ti pè é ní Ìyá Olúdọ̀tun mọ́. Gbogbo ohun tí Yéjídé ń fẹ́ láyé ni kó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí. Àwọn èèyàn á ní kó gbàgbé, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú. Èmi tí a jọ ń ránṣọ, mo mọ̀ pé agbè náà ti là.

Ní ọdún 1964, ìjọ wa ní Bódìjà pinnu pé etí odò yẹn gan-an la ó ti ṣe Gálílì, ìgbafẹ́ ọjọ́ kejì Àjíǹde. Wọ́n ti la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn tó ń lọ wo bí omi ṣe ń hó lórí àpáta. Mo rò pé Yéjídé ò ní lọ. Òun ló kọ́kọ́ wọ bọ́lẹ̀kájà.

Bàbá Sàlàkọ́ ló la ọ̀nà náà, òun ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó fọ ọkọ́ lọ́jọ́sí. Ó ṣáájú wa, àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin, ariwo omi sì bo orin wọn. Ọ̀nà gún dáadáa títí a fi dé ìtòsí igi ìyeyè kan. Níbẹ̀ ló yà lójijì sínú ẹrọ̀fọ̀, ó yí igi náà po kó tó padà sí etí odò. Bàtà tuntun mi rì.

Mo jágbe, “Bàbá, ilẹ̀ gbígbẹ rèé! Kí ló dé tí ẹ ò gbà á tààrà?”

Mo wá rí i pé wọ́n ti ro abẹ́ igi náà mọ́ tónítóní. Yéjídé náà ti rí i. Ó dúró, ó ní:

“Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ yà á?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n yà á. Tààrà ni wọ́n ní kí n là á. Mo ní ẹsẹ̀ èèyàn kankan ò ní tẹ ibẹ̀ níṣojú mi.”

Mo rò pé yóò sáré lọ síbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò ní dì í mú. Ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí igi náà, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ níwájú Bàbá.

“Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.”

Bàbá Sàlàkọ́ na ọwọ́, ó fà á dìde.

“Ibẹ̀ ń yọ̀,” ó ní. “Máa rọra o, Ìyá Olúdọ̀tun.”