Bàbá Faransé ti Sharpstown

Ìtàn tí àwọn Yorùbá Sharpstown, àdúgbò kan ní Houston, máa ń kọ́kọ́ sọ nípa Bàbá Cornelius ni ti ọjọ́ tí wọ́n fi ìkòkò ìrẹsì gbógun ti mánéjà.

Oṣù July ọdún 2024 ni. Ìjì Beryl ti jà kọjá. Iná ti lọ, iná ti padà dé, ṣùgbọ́n A.C. bílọ́ọ̀kù tí Bàbá ń gbé pẹ̀lú Oyíndà ọmọ wọn kò jí mọ́. Ní Houston, lóṣù July, apartment tí kò ní A.C. kì í ṣe ilé, ààrò ni. Ojoojúmọ́ ni mánéjà ilé náà ń sọ pé, "Part is coming." Part kọ́ ló kọ́kọ́ dé, áńbúláǹsì ni. Òkú bàbá arúgbó ará Mexico kan tó ń dá gbé lókè ni wọ́n wá gbé. Ooru ti pa á, kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi ajá rẹ̀ tó ń gbó.

Bàbá Cornelius dúró lójú wíńdò títí tí áńbúláǹsì fi lọ.

"Mo ti rí èyí rí," ni wọ́n sọ fún Oyíndà. "Paris, 2003. Ooru ń pa àwọn arúgbó nínú yàrá, àwọn ọmọ wọn wà létí òkun, wọ́n ń najú. Mi ò ní rí i lẹ́ẹ̀kejì kí n panu mọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbakọ lu ìdí ìkòkò ìrẹsì Oyíndà. Ariwo náà kó àwọn arúgbó yòókù jáde. Ìyá ará Vietnam kan mú páànù wá. Ìyá ará Honduras kan mú ìdérí ìkòkò méjì. Evelyn, obìnrin ará Congo tó gbọ́ Faransé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá, mú ọmọ odó wá láìmú odó. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi lù, ó ní kí mánéjà kọ́kọ́ jáde ná.

Mánéjà kò jáde. Ọlọ́pàá ló pè. Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan dé, òógùn ti bo ojú rẹ̀.

"Sà, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Grève," ni Bàbá dáhùn. Orúkọ tí àwọn Faransé ń pe ìyanṣẹ́lódì nìyẹn, Bàbá sì fà á láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun bí ará Paris gidi.

"Gravy?"

"Grève!"

Gravy ni àwọn ará Texas ń pe ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà sórí ẹran. Ọlọ́pàá wo ìkòkò, ó wo ìgbakọ, àánú Bàbá ṣe é. Ó tẹ rédíò rẹ̀, ó ní kò sí wàhálà, arúgbó kan ni ebi ń pa, ọbẹ̀ ló ń bèèrè.

Evelyn ló ṣàlàyé. Ọlọ́pàá wọ ọ́fíìsì lọ bá mánéjà, òtútù gbá a lójú bí ẹni ṣí fíríìjì, nítorí A.C. ti ọ́fíìsì kò fìgbà kan bà jẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n part tó ti ń bọ̀ látọjọ́ yìí dé kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá Cornelius kò pàtẹ́wọ́. Wíńdò òkè ni wọ́n ń wò.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yẹ ká ti lu ìkòkò yìí," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé àga wọn wọlé.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí Bàbá sí. Òwò gbé wọn dé Cotonou, Cotonou gbé wọn dé France, wọ́n sì ń gbálẹ̀ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ títí irun wọn fi funfun. Sarcelles, lẹ́yìn odi Paris, ni wọ́n sin ìyàwó wọn sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Oyíndà, tó ti ka ìwé rẹ̀ ní yunifásítì ní Third Ward, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní The Woodlands lẹ́yìn odi Houston, kó wọn wá sí Houston. Ara wọn dé Houston o. Ẹnu wọn kò kúrò ní Paris.

Ṣọ́ọ̀bù Tájù ni ààfin wọn. Tájù ń gẹ irun ní strip mall kan, ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì, nítòsí Southwest Freeway, àga kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó sí àfi Bàbá. Orí àga náà ni Bàbá ti ń sọ ìtàn préfecture, ọ́fíìsì ìjọba tí àlejò ti ń gba káàdì ìgbélùú ní France. Wọn á ní kí àkùkọ tó kọ lẹ ti máa wà lórí ìlà, nínú òtútù tí ń gé etí èèyàn.

"Lọ́dún kan," ni Bàbá wí, "obìnrin ojú wíńdò kọ fọ́tò mi. Ó ní mo rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀. Mo ní, 'Màdáàmù, ẹ fún mi ní káàdì ọdún mẹ́wàá, mi ò ní rẹ́rìn-ín mọ́ láyé mi.'"

"Ṣé ó fún yín?" ni Tájù bi wọ́n.

"Ó fún mi ní ti ọdún kan. Mo bá ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀."

Owó ìfẹ̀yìntì wọn ń ti France wá, àwọn Faransé sì ń fẹ́ kí ẹnì kan máa jẹ́rìí sí i lọ́dọọdún pé Bàbá ṣì wà láàyè. Oyíndà fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ nótárì kan. Nótárì ní òun lè jẹ́rìí pé Bàbá fọwọ́ síwèé lójú òun, òun kò lè jẹ́rìí pé wọ́n wà láàyè, òfin Texas kò fún òun láṣẹ ìyẹn.

"Mo dúró níwájú ẹ," ni Bàbá wí. "Mò ń mí. Mò ń bá ẹ jà!"

Nótárì ní òun rí i, sà, ṣùgbọ́n ohun tí òun rí yàtọ̀ sí ohun tí òun lè fi èdìdì lù. Bàbá yíjú sí Oyíndà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, máa gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jọ pé mo ti kú, ẹ ò kàn fẹ́ sọ fún mi ni."

Àwọn kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí kò gbà pé Bàbá mọ Faransé. Wọ́n ní Porto-Novo ni France tiwọn pin sí. Lọ́jọ́ kan tí Evelyn ń kọjá, Tájù pè é wọlé pé kó wá dán Bàbá wò. Bàbá gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ ìjọba France, wọ́n ń na ìka, wọ́n ń gbá itan. Evelyn fọwọ́ lérán, ó tẹ́tí títí wọ́n fi parí.

"Faransé ni lóòótọ́," ni Evelyn wí. "Ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́."

"Ẹ bi í," ni Bàbá wí, "bóyá ewúrẹ́ náà gbọ́."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń jókòó síwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí òṣèlú Paris.

Kì í ṣe àwàdà ni òṣèlú náà fún Bàbá. Olúrótìmí, àkọ́bí wọn ọkùnrin, ṣì wà ní Montreuil lẹ́bàá Paris, ó ń dáná ní ilé oúnjẹ kan, káàdì ìgbélùú rẹ̀ kò sì fìgbà kan dúró dáadáa. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò fẹ́ àlejò ṣíwájú nínú ìpele kìíní ìdìbò ọdún 2024, Bàbá kò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, nínú aṣọ funfun, wọ́n ní kí ìjọ gbàdúrà fún France.

Wòlíì ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà fún Nàìjíríà."

"Nàìjíríà la ti ń gbàdúrà fún kí wọ́n tó bí ẹ," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, ká gbìyànjú ibòmíràn."

Ìjọ gbàdúrà. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, èsì ìpele kejì jáde, ẹgbẹ́ náà ti já sí ipò kẹta. Bàbá jó láti ẹnu ilẹ̀kùn dé iwájú pẹpẹ, wọ́n ń pariwo pé, "Àdúrà kan ṣoṣo!" Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìjì Beryl wọ ìlú, tó wó igi, tó mú iná lọ, tó ba A.C. wọn jẹ́. Wòlíì ló tẹ̀ wọ́n láago nínú òkùnkùn.

"Bàbá, France ti yè o. A gbàgbé Houston."

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Olúrótìmí ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ káàdì rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè, kí wọ́n tó bèèrè ara rẹ̀.

"Ìlà ti kúrò níta, Bàbá," ni Olúrótìmí sọ fún wọn lọ́jọ́ kan. "Inú kọ̀ǹpútà ló wà báyìí. Tí mo bá ṣí i, á ní kò sáyè, kí n padà wá."

"Èyí wá burú ju tiwa lọ," ni Bàbá wí. "Lórí ìlà tiwa, èèyàn ṣì lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀."

Ní September ọdún 2025, àìsàn ọkàn tí wọ́n ti ń fi pamọ́ gbé wọn ṣánlẹ̀. Ìjọba France náà ṣubú lóṣù kan náà, àwọn aṣòfin ló yẹ àga nídìí rẹ̀. Bàbá kígbe láti inú yàrá pé, "Oyíndà, wọ́n tún ti ṣubú o!"

"Bàbá," ni Oyíndà wí, níbi tó kúnlẹ̀ sí tó ń fi òróró pa orúnkún tí wọ́n fi lulẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣubú ní báfúrúùmù, "ẹ̀yin gan-an lẹ ń ṣubú."

Wọ́n dá Bàbá dúró sí ọsibítù. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Monday kan ní October, nọ́ọ̀sì wá wò ó bóyá iyè wọn ṣì pé. Ó bi wọ́n ní orúkọ wọn, wọ́n sọ ọ́. Ó bi wọ́n ní ibi tí wọ́n wà, wọ́n ní ibi tí oúnjẹ kò ní iyọ̀ ni. Ó wá ní ta ni olórí ìjọba.

"Ti ìlú wo?" ni Bàbá bi í.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tó bá wù wọ́n. Bàbá dárúkọ olórí ìjọba tuntun tí wọ́n yàn ní Paris. Nọ́ọ̀sì wò ó lórí fóònù rẹ̀, ó mi orí, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Oyíndà pé ọ̀rọ̀ Bàbá ti ń dàrú. Ẹni tí wọ́n dárúkọ ti fipò sílẹ̀ láàárọ̀ yẹn, kò tíì lo oṣù kan nípò.

Oyíndà ṣí ìròyìn náà lórí fóònù fún Bàbá. Wọ́n kà á tán, wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Sọ fún un pé iyè mi pé," ni wọ́n wí. "France ni kó lọ yẹ̀ wò."

Olúrótìmí pè lọ́jọ́ náà, ó ń sunkún, ó ní òun máa wá. Káàdì rẹ̀ ti parí, tuntun kò tíì jáde. Bó bá kúrò ní France, kò lè padà wọlé, Amẹ́ríkà pàápàá kò tíì fún un ní físà.

"Má wá," ni Bàbá wí. "Ṣé o gbọ́? Dúró lórí ìlà. Èmi àti ìyá ẹ ti lo ayé wa lórí ìlà yẹn, má jẹ́ kó já sí asán."

Wọ́n dá fóònù padà fún Oyíndà, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Èjìká wọn ń gbọ̀n. Oyíndà kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Àárọ̀ Thursday ni Bàbá Cornelius kú. Ní ọjọ́ kejì, Tájù pe Oyíndà láti bá a kẹ́dùn. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Aunty, wọ́n ti yan olórí ìjọba míì ní France o."

"Ta ni?"

"Ẹni ti tẹ́lẹ̀ náà. Ẹni tó fipò sílẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Oyíndà, ó rín in títí tó fi di ẹkún, Tájù kò sì já fóònù náà sílẹ̀.

Ọ̀sán Saturday ni wọ́n sin wọ́n. Oòrùn mú. Ìjọ wọ aṣọ funfun, Evelyn wọ dúdú, Tájù ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Wòlíì ti ka ẹsẹ Bíbélì tán, àwọn tó máa sọ pósí kalẹ̀ ti di okùn mú, nígbà tí Oyíndà ní kí wọ́n dúró. Ó fa fóònù yọ, ó pe Montreuil.

Alẹ́ ti ń lẹ́ níbẹ̀. Olúrótìmí jáde sí ẹ̀yìn ilé oúnjẹ náà pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù lára.

"Ṣé wọ́n ti sọ wọ́n kalẹ̀?" ni ó bèèrè.

"Rárá," ni Oyíndà wí. "Ìwọ la dúró dè."

Tájù gba fóònù náà, ó nà án síhà pósí. Wọ́n rí i tí Olúrótìmí fi fóònù tirẹ̀ ti páálí tòmátì, tó sún sẹ́yìn, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tútù, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Lójijì ni ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, Faransé kan tó sanra, sáré jáde, ó ń kígbe.

"Kí ló wí?" ni Oyíndà bi Evelyn.

"Ó ní kí wọ́n pe dókítà."

Ẹ̀rín sọ nínú ìjọ, Wòlíì pàápàá rín. Láti orí ilẹ̀ tó wà, Olúrótìmí sọ nǹkan fún ọ̀gá rẹ̀ láìgbójú sókè. Ọkùnrin náà wo fóònù, ó rí ibojì àti àwọn èèyàn aláṣọ funfun. Ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó sì dúró ti ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn olókùn ń wo Oyíndà, wọ́n ń dúró. Kò kán wọn lójú. Ó sún mọ́ fóònù náà, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí Bàbá ṣe máa ń pè é.

"Rótìmí, dìde," ni ó wí. "Bàbá ti rí ẹ."