Edé Ọ̀sà Tí Mo Fúnra Mi Lọ̀

Nínú ilé tí mo ń gbé ní Peckham nílẹ̀ òyìnbó, ike kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí n kò ṣí láti bí ọdún méjì. Edé ni ó wà nínú rẹ̀. Mo fi ọ̀rá méjì wé e, mo sì fi rọ́bà dè é lọ́rùn, síbẹ̀ bí atẹ́gùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, òórùn rẹ̀ a máa kàn mí nímú. N kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè dà á nù.

Ọmọ àwọn tó ń yan edé ni mí. Ní etí ọ̀sà tí wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ìyá mi nìyẹn, iṣẹ́ ìyá tó bí i náà sì ni. Bí àwọn apẹja bá ti kó edé wá láàárọ̀, a ó jókòó tì í, a ó ṣa ẹja wẹ́wẹ́ àti pàǹtí kúrò nínú rẹ̀, a ó tẹ́ ẹ sórí wáyà lókè iná. Kì í ṣe gbogbo igi ni ìyá mi ń fi yan edé. Ó ní igi tó ní oje a máa sọ ọ́ di kíkorò. Òun ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń mọ edé: a ó mú ẹyọ kan, a ó ṣẹ́ ẹ lórí, a ó sì fi eyín iwájú gé e. Bí adùn rẹ̀ bá dé ahọ́n kí iyọ̀ tó dé, ti ọ̀sà ni. Bí iyọ̀ bá ṣáájú, ti òkun ni. Bí kò bá ró lẹ́nu rárá, ó ti gba omi, ẹni tó ń tà á fẹ́ rẹ́ ọ jẹ ni.

Ìmọ̀ yìí ni mo gbé wọ ìlú yìí, n kò sì gbà kí ó tẹrí ba fún ti ẹnikẹ́ni. Ní ọjà Rye Lane, edé pọ̀ ju ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Èyí tó pupa wà nínú àpò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó ń dán bí ohun tí wọ́n kùn lọ́dà. Èyí tó funfun tó sì kéré wà, wọ́n ní láti Gánà ni. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ike tẹ́lẹ̀ náà wà, n kì í fọwọ́ kàn án, nítorí ta ni ó mọ ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn? Nínú firísà àwọn òyìnbó, àwọn tó tó àtàǹpàkò mi wà níbẹ̀, wọ́n ti gé wọn lórí, wọ́n ti bó wọn. Ara ọ̀rá wọn ni mo ti máa ń ka ibi tí wọ́n ti wá: Fiẹtinámù, Íńdíà, Ẹ̀kúádọ̀. Inú kòtò omi ni wọ́n ti ń sìn wọ́n bí a ti ń sin adìẹ. Àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kó sáàárín búrẹ́dì, òkun títutù níhà Gírínláǹdì ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Ní Deptford, baba òyìnbó kan a máa ta àwọn tíntìntín kan tí wọ́n ń kó ní etí òkun ìlú yìí gan-an. Mo rà á lẹ́ẹ̀kan. Mo gbà pé ó gbìyànjú.

Ọ̀nà méjì péré ni mo pín gbogbo wọn sí: tiwa àti tiwọn. Ìpín yẹn ni ó ba ilé mi jẹ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ìlú yìí ni mo bí i sí, iṣẹ́ kánsù ni ó ń ṣe, òun náà sì bí obìnrin kan. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi yìí wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ó lọ síbi ọjọ́ ìbí ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó jẹ ìrẹsì díndín tí wọ́n kó edé ńláńlá sí. Kí wọ́n tó gbé e délé, ètè rẹ̀ ti wú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ kọ edé àti akàn, irú yòówù kí ó jẹ́. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kan tó rí bí bírò, tí a ó fi gún un bí ó bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, pé kí ó máa wà nínú báàgì rẹ̀ nígbà gbogbo.

“Mọ́mì, kò gbọdọ̀ jẹ edé mọ́ o,” ni ọmọ mi wí. “Mo síríọ̀sì.”

“Èwo ni ó jẹ? Ṣé ti inú kòtò omi yẹn ni?”

“Èwo ni ‘èwo ni’, Mọ́mì?”

“Oògùn ni wọ́n fi ń sìn ín. Oògùn yẹn ni ara ọmọ kọ̀.”

“Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Dókítà yẹn ti rí ọ̀sà rí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.” Èmi sì gba ẹ̀rín yẹn bí ẹni pé mo ti borí.

Ó tó bí ọdún méjì lẹ́yìn náà kí obìnrin tí mo ti ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Rye Lane tó sọ fún mi pé àbúrò òun gbé edé ọ̀sà dé láti ilé. Mo ṣẹ́ ọ̀kan lórí, mo gé e. Mo tún gé èkejì.

“Àlàájà, bí ẹ bá tún gé ẹyọ kan sí i, ẹ ti jẹun ọ̀sán nìyẹn,” ni ó wí.

Adùn ni ó kọ́kọ́ dé, kí iyọ̀ tó dé. Ó ti pẹ́ tí ẹnu mi ti tọ́ edé ìyá mi wò kẹ́yìn. Mo ra ike kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni iléèwé gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ mi sì ni ọmọ máa ń wà tí ìyá rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́. Mo rẹ ẹ̀wà, mo bó o, mo fúnra mi lọ edé mọ́ ọn, mo pọ́n ọn sínú ewé. Mo fẹ́ kí ọmọ náà jẹ ohun tí a fi ń dá ìdílé wa mọ̀ kí n tó kú. Nígbà tí mo tú mọ́ínmọ́ín náà síwájú rẹ̀, ó gbójú sókè wò mí.

“Ìyá Àgbà, ṣé edé wà nínú ẹ̀?”

“Èyí tó ń ṣe ọ́ kò sí nínú rẹ̀,” ni mo wí.

Ó gbà mí gbọ́. Ó ní Bísímílà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.

Kò tí ì jẹ ìdajì tó fi ń họ ọrùn. Ó ní ọ̀fun ń yún òun. Ohun tí ìyá mi ì bá ṣe ni mo ṣe: mo bu epo pupa sínú ṣíbí, mo ní kí ó gbé e mì. Ó bì í. Ètè rẹ̀ ń wú lójú mi, èémí rẹ̀ sì ń dún fíì-fíì. Báàgì rẹ̀ wà lára ìkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí ibi tí mo dúró. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú abẹ́rẹ́ yẹn, mo ti gbà pé edé ìyá mi kò yàtọ̀ sí ti inú kòtò omi nìyẹn. N kò ní purọ́ fún yín. Mo dúró. N kò mọ bó ti pẹ́ tó.

Ọmọ náà ni ó na ọwọ́. “Báàgì mi,” ni ó wí. Òun ni ó fi ìka hàn mí ibi tí mo máa fà, tó sì fọwọ́ gbá itan rẹ̀ pé ibẹ̀ ni kí n gún.

Mo gún un. Áńbúláǹsì tí mo pè dé. Ní ọsibítù, ọmọ mi wọlé pẹ̀lú káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ọmọ ti ń sùn, ojú rẹ̀ ti ń padà di ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò pariwo.

“Mọ́mì, ṣé ẹ gbàgbé ni?”

Ọ̀nà ni ó là fún mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó ń bẹ̀ lẹ́nu mi, gbogbo rẹ̀ ì bá sì tán síbẹ̀.

“N kò gbàgbé,” ni mo wí. “Edé ọ̀sà ni. Mo fi eyín gé e wò.”

Ó wò mí bí ẹni tó kàn bá mi jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin. “Edé ni edé, Mọ́mì.” Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọmọ ní òun bi yín léèrè.”

Mo fa aṣọ bo ọmọ lẹ́sẹ̀.

A kò jà. Bí ó ti ń kúnlẹ̀ kí mi nígbà Iléyá náà ni ó ṣì ń kúnlẹ̀, ó sì ń bá mi ra ọjà tó wúwo. Ṣùgbọ́n kò fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi mọ́. Bí àwọn méjèèjì bá wá, ọmọ a mú abọ́ rẹ̀ tó ní ìdérí wá, a sì mú ṣíbí tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ra ọ̀bẹ tuntun. Kò tí ì kan ohunkóhun nínú ilé mi. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá, mo jókòó síwájú wọn kí wọ́n lè máa wò mí, mo bó ọsàn kan, mo sì nà án sí ọmọ náà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ó na ọwọ́ díẹ̀, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì fà á padà.

“Ẹ ṣeun, Ìyá Àgbà. Mo ti yó.”

Ó sọ ọ́ bí mo ti kọ́ ọ, kò ṣi ohùn kankan. Abọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, kò tí ì ṣí i. Ìyá rẹ̀ ń wo fèrèsé. Mo gé ọsàn náà sí méjì, mo sì jẹ ẹ́ tán lójú wọn.