Ọwọ́ Ìyá Onítíì

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni gbogbo ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ń pè ní Ìyá Onítíì. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń po tíì níbẹ̀. Èmi ni mò ń fọ ife. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti rọlẹ̀, á rọra ti kẹ̀kẹ́ tíì wọ yàrá ńlá, ooru á máa rú lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé, àwọn àgbà á máa tòògbé lórí àga bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

Kí ife tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, á dijú, á ní ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó ń jà á níyàn.

Àfi ìgbà tí tíì dà sí Bàbá Olùkọ́, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, nítan, tí awọ ibẹ̀ bó. Olórí nọ́ọ̀sì ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, omi tútù ni gbogbo ilé yóò máa mu. Ìyá Onítíì ní tíì kò gbóná, ọwọ́ bàbá tó ń gbọ̀n ló fà á. Bàbá alára gbà, ó ń tọrọ àforíjì kiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jí ife kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí. Mo kàn fi kan ẹnu ni.

"Màmá, ahọ́n mi ti jinná. Ó ku iyọ̀."

Ó ní òpùrọ́ ni mí, olè sì ni mí pẹ̀lú. Mo bá fa ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ara kẹ́tù tó ṣì gbóná. Ó gbàgbé ọwọ́ náà síbẹ̀, bí ẹni gbọ́wọ́ lé orí ọmọ tó ń sùn.

"Ṣé àtẹ́lẹwọ́ lẹ pe èyí ni? Gìgísẹ̀ mà ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹlòmíì ní ń bá ni rí tẹni. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Olùkọ́.

"Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí mọ́. Ọwọ́ mi ló ti kú."

Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ fún olórí nọ́ọ̀sì. Wọ́n ra irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọn ìgbóná, tí abẹ́rẹ́ wà lójú rẹ̀. Tíì kò kúrò nílé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ki irin náà bọ ife tíì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá Olùkọ́ ń wò ó, Ìyá Onítíì ń wò ó, títí oorun fi gbé àwọn méjèèjì lọ. Nígbà tí wọ́n jí, tíì ti di omi òjò. Ìyá Onítíì dà á nù, ó gbé kẹ́tù kaná, ó tún fa àga jókòó tì í.