Epo Efínrín Lára Ọmú Màlúù Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò sì ní fi oyin sí i. Inú ilé kan náà là ń gbé ní Òkè-Ọ̀dàn, ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ pẹ̀lú màlúù mélòó kan tí à ń fún mílíìkì wọn tà. Olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Títí dòní, ó ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí.

Abo màlúù pupa kan ló dá ìjà sílẹ̀. Ọmú rẹ̀ wú, ó gbóná, mílíìkì tó ń jáde níbẹ̀ sì dì bí ògì tó bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò pe ẹnikẹ́ni. Ó lọ ra abẹ́rẹ́ ní ìsọ̀ olóògùn, ó sì gún màlúù náà fúnra rẹ̀. Ó sàn. Àìsàn náà padà, ó tún gún un. Nígbà tó tún padà tí abẹ́rẹ́ kò ràn án mọ́, èmi ni mo lọ pe dókítà ẹran wá láti Ìlaròó.

Dókítà wò ó, ó ní, "Màmá, oògùn yín ti mọ́ kòkòrò tó ń fa àìsàn yìí lára. Ẹ má dá gún ẹran mọ́."

Mo bi í nípa epo tí wọ́n ń yọ lára ewé efínrín, tí mo gbọ́ lórí rédíò pé ó ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ó ní òótọ́ ni pé ó ń pa wọ́n nínú ìgò àyẹ̀wò, àmọ́ lára màlúù, kò tíì dá òun lójú. Ó ní bí ara ẹran kò bá ti gbóná, mo lè gbìyànjú ẹ̀, kí n fi epo àgbọn là á kó má baà ta á lára.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Efínrín? Ṣé o fẹ́ fi màlúù bàbá mi se ọbẹ̀ ni?"

"Bàbá mi" ni ohun tó wí. Kò wí pé bàbá wa.

Mo ra epo efínrín lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń yọ ọ́ fún àwọn olọ́ṣẹ. Láràárọ̀, mà á fún ọmú náà gbẹ, mà á po epo díẹ̀ mọ́ epo àgbọn, mà á sì fi ra á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wíwú náà ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí mílíìkì mọ́, inú mi dùn, mo sì sọ fún obìnrin tó ń rà á ṣe wàrà pé kó fọkàn balẹ̀, abẹ́rẹ́ kankan kò kan ẹran yìí mọ́.

Kò pẹ́ tí oníwàrà yìí fi já wọ àgbàlá wa, ó fa ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú ìyàwó náà wú, gbogbo ara rẹ̀ sú.

"Ẹ wo ojú ọmọ yìí! Wàrà tí mo fi mílíìkì yín ṣe ló jẹ. Pẹnisílíìnì kì í bá a lára mu, ẹ sì sọ pé ẹ kò gún ẹran!"

Mo búra níṣojú wọn. Ẹnu ìbúra náà ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n mi yọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni mo ń gún un nírọ̀lẹ́. Oríṣìí mìíràn ni mo rà. Àbí kí n máa wo ewé ọbẹ̀ títí ẹran á fi kú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sì ń wò mí tí mo ń ta mílíìkì rẹ̀?"

"O kò bi mí."

Mo da garawa mílíìkì tó wà lọ́wọ́ mi sí i lẹ́sẹ̀, mo sì pè é ní orúkọ tí àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n. Oníwàrà mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ara rẹ̀ yá, àmọ́ wọn kò ra nǹkan lọ́wọ́ wa mọ́.

Màlúù náà yá. Ta ló wò ó sàn? Dókítà ní kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ̀ mọ́, nítorí a ti da méjèèjì pọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Epo mi lè ti ṣiṣẹ́, ó sì lè má ṣe nǹkan kan.

A pín àwọn màlúù náà. Ó mú pupa, ó ní òun lòun wò ó. Mo fi ọgbà pín àgbàlá sí méjì, mo fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmú ọ̀kan nínú tèmi wú díẹ̀. Mo pe dókítà, mo fi epo efínrín nìkan ra á, n kò sì ta mílíìkì rẹ̀ títí dókítà fi ní mo lè máa tà á. Wíwú náà lọ sílẹ̀. N kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń kí i láràárọ̀, torí pé ó jù mí lọ. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ bá a sọ.