Bí A Ṣe Jà fún Orúkọ Àgbọ̀nrín

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lóde òní máa ń bi mí pé nínú gbogbo ìyanṣẹ́lódì tí mo bá wọn ṣe, èwo ló ká mi lára jù. Wọ́n máa ń retí pé màá mẹ́nu ba èyí tí àwọn ọlọ́pàá ti yin tajútajú sí wa. Ìyẹn kọ́. Èyí tó ká mi lára jù ni èyí tí a borí, ní Muṣin, nígbà tó ku bí ọdún kan kí àrùn tó sé gbogbo ayé mọ́lé.

Ẹ̀yìn ọjà Ládipọ̀ ni ilé-iṣẹ́ wa wà. Alùpùpù là ń ṣe níbẹ̀, Àgbọ̀nrín sì ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ ló dá a sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, Bàbá Àgbà la mọ̀ wọ́n sí. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè. Àgbọ̀nrín ni tíṣà ń gùn lọ síléèwé lóko, òun ni agbẹ̀bí ń gùn, òun ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó. Mi ò ní parọ́ fún yín: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń wá láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n férémù, táńkì, sàléńsà, ọ̀dà, àga ìjókòó, àti wáyà tó jẹ́ iṣẹ́ tèmi, ọwọ́ wa ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Àgbọ̀nrín dáadáa, á ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti Ìdí-Òrò kó tó rí i.

Àṣà kan wà tí a kì í fi ṣeré. Bí máṣíìnì bá parí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan báàjì rẹ̀ àfi Bàbá Làmídì, ará Iléṣà, tó dàgbà jù láàárín wa. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ya àgbọ̀nrín sí ni báàjì yìí. Gbogbo wa á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bàbá á fi òòlù kékeré kàn án mọ́ táńkì, wọ́n á wá bi wá pé, kí lẹ sọ ọmọ? A ó sì dáhùn pé Àgbọ̀nrín ni. Àwọn àlejò máa ń fi wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní a sọ irin di ọmọ ọwọ́. Wọn ò mọ̀ ni. Lójú tiwa, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tó di iṣẹ́.

Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, ọmọ ọmọ wọn ló gba ilé-iṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lọ kàwé lókè òkun. Ọ̀gá Débọ̀ là ń pè é. Dírẹ́bà wa kan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ ní èbúté, ó sì gbé e wálé: Ọ̀gá Débọ̀ ti bá ilé-iṣẹ́ kan ṣàdéhùn ní Éṣíà, wọ́n á máa ṣe Àgbọ̀nrín lódindi lọ́hùn-ún, tòun ti báàjì. Ẹnu yà wá débi pé kò sẹ́ni tó lè jẹun ọ̀sán. Níbi tí wọn ò ti lè pe orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ máa ṣe é.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà. Nígbà tí a ṣèpàdé, Sọ́ńdè, wéldà wa, dìde, ó ní kí a béèrè pé férémù kankan kò gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wọlé. A pariwo lé e lórí. A ní ìyẹn ti pọ̀ jù, wọn ò ní gbà láéláé, àti pé ṣebí orúkọ ni wọ́n fẹ́ jí gbé. Bàbá Làmídì ló parí ọ̀rọ̀.

“Tí báàjì ò bá kúrò ní Muṣin, kí ni wọ́n á tà? Máṣíìnì tí ò lórúkọ, ta ní máa rà á?”

A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ro wá. Ohun tí a wá fẹnu kò lé lórí ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kan báàjì Àgbọ̀nrín níbikíbi àfi ní Muṣin, pé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni kó máa kàn án, àti pé wọn ò gbọ́dọ̀ lé òṣìṣẹ́ kankan.

A ti géètì pa. Òjò pa wá, oòrùn pa wá. Àwọn onímárúwá so ewé mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ wọn nítorí wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Sábó wá, wọ́n ya wá ní fọ́tò, wọ́n tẹ orúkọ Àgbọ̀nrín sára ẹ̀wù, àwọn aláṣọ Tẹ́júoṣó sì ń tà á. Inú mi dùn, mi ò purọ́. Mo rò pé gbogbo Èkó ló wà lẹ́yìn wa.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Débọ̀ ránṣẹ́ pè wá. Ó kọ́kọ́ fi wá ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ẹ̀yin àgbà yìí, àgbọ̀nrín èṣí lẹ ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀. Mo ka ohun tí a ń fẹ́ sí i létí. Ó gbọ́ ọ dópin, ó wo lọ́yà rẹ̀, lọ́yà náà sì wò ó.

“Àǹtí Bísí, ṣé ìyẹn nìkan ni?”

“Ìyẹn nìkan ni, sà.”

Ọ̀gá Débọ̀ buwọ́ lu ìwé náà lójú ẹsẹ̀, àwa náà sì fọwọ́ sí i. Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n kò sí àgbà kan tó fura láàárín wa lọ́jọ́ náà. A ti ń kọrin. A gbé Bàbá Làmídì lé èjìká, a jó dé Ojúwoyè, àwọn ọlọ́jà ń bu omi tútù fún wa mu.

Ọ̀gá Débọ̀ ní ká lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ká tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí a wọlé, mo rò pé mo ṣìlé ni. Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ páìpù ti lọ. Ibi tí Sọ́ńdè ti ń jó irin, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn ún. Tábìlì wáyà mi, mi ò rí i. Kọ̀ǹténà ló wà nínú ọgbà, wọ́n sì ń gbé Àgbọ̀nrín jáde látinú rẹ̀ lódindi, tòun ti ọ̀dà aláwọ̀ ewé wa. Mo sún mọ́ ọ̀kan. Báàjì nìkan ni kò sí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò kéékèèké méjì ti wà lára táńkì, níbi tí báàjì máa ń wà gẹ́lẹ́. Wọ́n ti lu ihò náà sílẹ̀ dè wá láti òkè òkun. Mo jókòó sórí páálí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n, bóyá nígbà tí òjò ń pa wá níta géètì pàápàá.

Ọ̀gá Débọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé òòlù fún Bàbá Làmídì.

“Bàbá, ẹ bá wa kàn án. Ohun tẹ́ ẹ béèrè náà nìyí. Muṣin la wà, ọwọ́ yín ló máa kàn án, mi ò sì lé ẹnikẹ́ni.”

Bàbá rìn yí máṣíìnì náà ká, wọ́n fọwọ́ ra férémù rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

“Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èyí ńkọ́, ilé ibo ni kí n wò?”

“Inú ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ wò, Bàbá.”

Bàbá rọra gbé òòlù lé orí àga máṣíìnì náà, wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n jáde. Ẹni tó wá mú òòlù náà ni Sọ́ńdè, Sọ́ńdè tí a pariwo lé lórí. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó kan báàjì náà, ó sì dúró díẹ̀ bí ẹni pé ó ń retí nǹkan. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ ọmọ, kò sì sẹ́ni tó dáhùn. Mo bínú sí i gidigidi lọ́jọ́ náà. Ìbínú yẹn ti tán báyìí.

Èrè wo la wá jẹ? Wọn ò lé ẹnikẹ́ni, wọ́n pa àdéhùn mọ́ débi tó fi ń rùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ báàjì ò gbà ju èèyàn méjì lọ. Àwa yòókù á jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ojú á máa tì wá, títí a fi ń fẹsẹ̀ ara wa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Làmídì ti padà sí Iléṣà. Géètì ni Sọ́ńdè ń jó kiri báyìí. Mi ò mọ ẹnìkan ní Muṣin lónìí tó tún lè tẹ páìpù di férémù Àgbọ̀nrín, ìyẹn ló sì ń bà mí nínú jẹ́ jù. Orúkọ la ṣọ́, a ò ṣọ́ iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán.

Gbèsè òótọ́ kan ṣì wà lọ́rùn mi. Ọmọbìnrin kan tó jáde yunifásítì yá yàrá nínú ilé wa ní Yábà. Lóṣù tó kọjá, ó gun Àgbọ̀nrín tuntun wọ inú ọgbà, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ò lè ra ti ìlú òkèèrè láéláé, tiwa-n-tiwa lòun fẹ́. Wọ́n ti sọ fún un pé mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ó fa fóònù yọ, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí ọwọ́ yín ṣe hàn mí, kí n yà á.” Mo wo wáyà rẹ̀, mo wo táńkì, mo wo férémù. Mo nawọ́ sí báàjì. Ó yà á, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.