Ọjọ́ tí Ìdáhùn Wa Kò Dé Ìgbìmọ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gba ọ̀nà òkè lọ, tí ẹ ń gbà á bọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bi yín ní "Ta nìyẹn?", ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ogun ṣì ń jà lókè, Ṣàgámù fúnra rẹ̀ kò sì tíì gbó. Nítorí ogun náà ni àwọn ìlú kéékèèké ṣe kó ara wọn jọ síbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ọba rẹ̀ àti òrìṣà rẹ̀. Àdúgbò tiwa ni ó dé kẹ́yìn. Ilẹ̀ tí a kọ́lé sí, àwọn tí ó ṣáájú wa ni wọ́n gé e fún wa. Irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kún nígbà náà ni, èmi sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní àdúgbò wa.

Àdúgbò mẹ́fà ni ó ń rán ẹnu lọ sí ìgbìmọ̀ ìlú. Ní ìtàdógún ìtàdógún ni ìgbìmọ̀ ń jókòó, Baba Ṣódípẹ̀ ni ó sì ń ṣojú wa níbẹ̀. Bí ó bá ti ibẹ̀ dé, kì í kọ́kọ́ wọlé lọ jẹun. Abẹ́ igi odán iwájú ilé rẹ̀ ni yóò jókòó sí, a ó péjọ, yóò sì máa ro òfin tuntun fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná sun igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi mọ́, ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ bá jẹ oko olóko yóò so ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ fi rán an sí wa, tí a ó dáhùn ní ìtàdógún tí ń bọ̀. Kì í bu iyọ̀ sí i, kì í yọ ata kúrò níbẹ̀. Bí a bá bi í pé kí ni òun fúnra rẹ̀ rò, yóò ní, "Ẹsẹ̀ yín ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ ní orí, ẹ rò ó." A ó rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin sílẹ̀ ná. Ìbéèrè tí mo mú wá nìyí: ṣé kí a ti ọ̀nà òkè pa ni, àbí kí a fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí? Bí a bá tì í, kò sí ẹni tí yóò jáde, kò sí ẹni tí yóò wọlé, ìbáà ṣe ọmọ ìlú, títí ogun yóò fi rọlẹ̀."

Àgbàlagbà kan fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ní, "Kí wọ́n tì í! Amí ló ń bá àwọn oníṣòwò wọlé."

Mo ní, "Baba, ìyàwó mi wà lókè. Ṣé amí ni òun náà?"

Efúnyẹmí ìyàwó mi àti obìnrin mẹ́wàá mìíràn láti àdúgbò wa ni wọ́n ti ru iyọ̀ gòkè, tí wọ́n kọjá Ògèrè, láti lọ fi gba èlùbọ́ àti ẹ̀wà. Ọmọ wa, Ṣówùnmí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ó fi í sí. Àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí ènìyàn díẹ̀ dá rìn lójú ọ̀nà náà. Àárín ọ̀pọ̀ èrò ni wọ́n bá lọ, wọn kò sì lè padà àfi bí èrò bá tún ń bọ̀. Bí a ti ka ọjọ́ wọn, ìgbìmọ̀ yóò ti jókòó tán, yóò tó bí ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n tó dé ẹnu odi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ láti ilé dé ilé. Àgbàlagbà tí ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lọ́jọ́ náà rí mi lókèèrè, ó pariwo pé, "Ọkọ oníyọ̀ ti dé! Èwo lò ń wá, èlùbọ́ ni àbí ìyàwó?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Méjèèjì ni, Baba. Ẹ̀yin náà kò kúkú ní lá ọbẹ̀ láìsí àmàlà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tí ikọ́ náà sílẹ̀, ó ní, "Ó dára. Kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìyàwó ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń ti ilẹ̀kùn mọ́ síta."

Nígbà tí ìjókòó ìgbìmọ̀ ku ọ̀la, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó lọ́tọ̀, wọ́n sì rán ẹnu kan wá sábẹ́ igi. Gbogbo wọn ni wọ́n ní kí ọ̀nà wà ní ṣíṣí. Ọ̀rọ̀ tán, àbí? Ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Mo ní kí ẹnìkan bá Baba lọ, kí etí lè di mẹ́rin.

Ìyá Erelú, tí ó jẹ́ àgbà obìnrin wa, yíjú sí mi. Ó ní, "Ọ̀dúbánjọ, ìṣọ́ lo fẹ́ fi ti àgbà?"

Baba Ṣódípẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní, "Bí ọmọ bá ní kí ẹnìkan tẹ̀ lé mi, kí ó tẹ̀ lé mi."

Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, Baba sì dá lọ. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kejì, Baba ti ìgbìmọ̀ dé, ó kọjá igi odán, ó wọlé. A tẹ̀ lé e wọlé. Ẹ̀yìn ni ó kọ sí wa nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀.

"Bí a ti dé ìlú ni wọ́n fi pè wá. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ fọhùn. Àdúgbò mẹ́ta ní kí wọ́n tì í. Méjì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó wá kan àwa."

Mo ní, "Ẹ sì wí pé kí ni, Baba?"

"Àwọn tó gé ilẹ̀ fún wa wà lára àwọn tó ní kí wọ́n tì í. Olórí wọn wò mí, ó ní, 'Ṣódípẹ̀, omi odò wa ṣì ń tó yín pọn?' Mo ní ó ń tó wa. Ẹnu mi bá wúwo. Mo ní, 'Ẹnu àlejò wà lára ẹnu onílé.' Wọ́n bá kà wá mọ́ wọn."

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín, ẹ mọ̀ pé ìwà tí wọ́n fi tọ́ wa ni. Ẹni tí ó fún ọ ní ilẹ̀, o kò gbọdọ̀ já a nírọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìwà rere ni nídìí àwo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ní ìgbìmọ̀, àdúgbò mẹ́fà ni wọ́n bi, wọn kò bi onílé àti àlejò. Ká ní Baba sọ ohun tí a rán an ni, ìbá di mẹ́ta sí mẹ́ta. Bí ẹnu bá sì dọ́gba báyìí, ìbéèrè yóò padà wálé fún ìtàdógún kan sí i, ọ̀nà yóò wà ní ṣíṣí. Ìtàdógún kan péré. Àwọn obìnrin wa ìbá ti wọlé.

Mo kígbe, "Ẹsẹ̀ wa ni yín! Ta ló ní kí ẹsẹ̀ máa ronú?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Ó bú sẹ́kún.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, gbogbo ẹgbẹ́ wa ti jókòó sẹ́nu bodè ọ̀nà òkè, láàárín ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n má lè rí i pa dé. Àwọn oníbodè kọ́kọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ dìde, kí ilẹ̀kùn má baà há yín nídìí!"

"Ẹ máa tì í! Ìdí wa le ju igi yín lọ."

A sùn síbẹ̀, a jí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn àgbà àdúgbò tiwa ni wọ́n wá bá wa. Wọ́n ní onílẹ̀ ti ránṣẹ́ pé bí a kò bá kúrò, kí a wá ibòmíràn kó ilé lọ. A kò mira. Nígbà náà ni Ìyá Erelú jáde láàárín wọn. Ó tú gèlè rẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀ níwájú wa.

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni yóò jókòó kí ìyá tí ó gbẹ̀bí rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀? A fò dìde, gbogbo wa, láti gbé e nílẹ̀. Bí a ti dìde ni wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni àwọn obìnrin náà dé. Mo gbọ́ ohùn Efúnyẹmí láti ẹ̀yìn igi ilẹ̀kùn. Oníbodè kan tí a ti jọ jìjàkadì rí wò mí, àánú mi ṣe é. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Tìrẹ nìkan. Kí ó sọ ẹrù kalẹ̀, kí ó yára."

Mo pe Efúnyẹmí, mo sọ ọ́ fún un. Ó bi mí láti ìhà kejì pé, "Bàbá Ṣówùnmí, àwa mélòó ni a jọ lọ?"

"Mọ́kànlá."

"Ẹ bi í bóyá yóò ṣí i fún mọ́kànlá."

Oníbodè mi orí. Mo sọ fún Efúnyẹmí pé kò gbà. Ó ní, "Kí ni àdúgbò tiwa wí?"

Mo ní, "A ní kí wọ́n fi í sílẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti ń sáré."

"Ẹ má jẹ́ kí ó sún mọ́ iná ìyá o. Ògèrè ni a ó ti dúró. Ìtàdógún kò jìnnà."

Mo gbọ́ bí wọ́n ti ń gbé ẹrù ru ara wọn. Èrò tí wọ́n bá bọ̀ ti tú ká; wọn kò dé Ògèrè. Àwọn ajínigbé kó wọn lójú ọ̀nà.

Èmi ni àdúgbò rán sí ìgbìmọ̀ lẹ́yìn náà. Baba Ṣódípẹ̀ kò jókòó sábẹ́ igi náà mọ́. Ọdún tí ó lò sí i láyé, n kò kí i. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí mo bá ń kọjá, ó ń retí rẹ̀, mo ń kọjá. Ìkíni náà ṣì wà lọ́rùn mi.

Ohun tí a jèrè kò pọ̀. Mo jà títí ìgbìmọ̀ fi yí àṣà náà padà: ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni ó ń kọ́kọ́ fọhùn báyìí, ènìyàn méjì ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Èyí ni ẹ̀yin bá, tí ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà. Ní ti ọ̀nà náà, kì í ṣe àwa ni a ṣí i. Òyìnbó ni ó fi ìbọn ṣí i, kò sì bi àdúgbò kankan.

Nígbà tí ó ṣí, mo gòkè. Abà kan kò sí tí n kò pe orúkọ mọ́kànlá náà níbẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó dá mi lóhùn, kì í sì í ṣe tèmi. Ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, ó ti bímọ síbẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn ajínigbé ń pín wọn, Efúnyẹmí ni ó ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, pé kí wọ́n má bínú sí ilé, pé àdúgbò wa wí i ní ìgbìmọ̀, àwọn yòókù ni kò gbà.

Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ kúkú wí i, àbí?"

Mo sọ òtítọ́ fún un, láti orí dé ìdí. Ó gbọ́ ọ tán. Mo ní kí ó dìde, kí n mú un lọ sílé, pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣì ń gbá ojúde rẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó so ọ̀já rẹ̀ le.

Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn."