Ìgbà Tí Iṣẹ́ Yí Padà Mọ́ Nọ́ọ̀sì Caroline Lọ́wọ́

Ní ọsibítù aládàáni kan ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń mi fèrèsé tìtì, abẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ Caroline Oyèwọlé. Nọ́ọ̀sì kan á wẹ egbò, òmíràn á wọn ìgbóná ara, Caroline á gún abẹ́rẹ́ láti bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé àwọn aláìsàn kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn gún àwọn.

Ní ọdún 1988, dókítà àgbà tó dá ọsibítù náà sílẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Dókítà Mobọ́lájí, ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pe àwọn nọ́ọ̀sì jọ. Ó ní wọn ò ní máa pín iṣẹ́ mọ́, aláìsàn ni wọn yóò máa pín. Ẹni tó bá gba aláìsàn ni yóò ṣe gbogbo ìtọ́jú rẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì kùn. Ó dun Caroline náà. Lójú tirẹ̀, wọ́n ti gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Glory, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ń múra àtilọ sí Saudi. "Jẹ́ ká jọ lọ, jàre," ló wí bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sí Ọ̀yìngbò. "Ọmọ àná ló fẹ́ wá kọ́ wa níṣẹ́!"

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà náà ò wọ kèrègbè," ni Caroline dáhùn. "Jẹ́ n wò ó ná."

Lára àwọn aláìsàn tí wọ́n fún Caroline ni ìyá àgbà kan tí àtọ̀gbẹ dá egbò sí lẹ́sẹ̀. Àràárọ̀ ni màmá náà máa ń làágùn, tí ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹni tó ń wẹ egbò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rò pé ìrora ni. Caroline ò tilẹ̀ rí gbígbọ̀n náà rí, torí tó bá ti gún un lábẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, bẹ́ẹ̀dì mìíràn ló kàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó tì í.

"Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Ọmọ mi ò tíì gbé oúnjẹ dé, nọ́ọ̀sì. Mushin ló ti ń bọ̀. Oòrùn á ti mú kó tó dé."

Ìgbà yìí ló tó yé Caroline. Inú òfìfo ló ti ń gún abẹ́rẹ́ sí láti ọjọ́ yìí, ìyẹn ló ń fa ṣúgà ara màmá wálẹ̀ jù! Ó sáré po ṣúgà sómi fún un, títí gbígbọ̀n náà fi rọlẹ̀. Ó wá lọ bá dókítà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ jẹ́ kí ilé ìdáná wa máa fún màmá yẹn ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kí n tó gún un."

"Bẹ́ẹ̀ la máa ṣe é, Àǹtí Caroline. Ẹ ṣeun."

"Ó ku ọ̀kan. Ètò yín dáa, ṣùgbọ́n aláìsàn pọ̀ jù fún wa. Bí ẹ ò bá gba nọ́ọ̀sì kún wa, kò ní pẹ́ dojú rú."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Mo gbọ́. Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Àwọn nọ́ọ̀sì tuntun dé kí ọdún tó parí. Nígbà ọyẹ́, Caroline sin Glory dé pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún.

"O ò ní kábàámọ̀?" Glory bi í.

"Mi ò mọ̀. Àmọ́ mo fẹ́ rí ibi tí ètò yìí máa já sí."

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fi Caroline ṣe métírọ̀nì, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn kan ṣì ń kùn sí ètò náà nígbà yẹn. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n kùn tán, kó tó sọ tirẹ̀.